Ìgbóná Ara Àlùmọ́gàjí

Bí ẹ bá gbọ́ pé ẹnì kan lé àbúrò ọkọ aláìsàn jáde nítorí pé ó sín, èmi ni, ẹ má wulẹ̀ wádìí mọ́. Ata Wẹẹrẹ ni wọ́n ń pè mí, mi ò sì bá wọn jiyàn. Obìnrin náà sín lẹ́ẹ̀kan, mo wò ó. Ó sín lẹ́ẹ̀kejì, mo gbé báàgì rẹ̀ lé e lọ́wọ́, mo ní, "Ẹ ṣeun, ẹ kú ìtọ́jú, ó tó." Ó ní ọ̀nà jíjìn lòun ti wá. Mo ní ọ̀nà jíjìn ni ọ̀fìnkìn rẹ̀ náà ti wá, kí àwọn méjèèjì jọ máa padà.

Kì í ṣe ìwà ìkà. Ẹni tó dùbúlẹ̀ nínú yàrá tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù wa, ọ̀rẹ́ mi ni, ọ̀gá mi sì ni. Àlùmọ́gàjí ni tọmọdé-tàgbà ń pè é, nítorí kò sí aṣọ tí kò lè gé, kò sì sí ọ̀rọ̀ tí kò lè gé kúrú. A jọ kọ́ iṣẹ́ aṣọ rírán lọ́dọ̀ ìyá kan náà ni. Nígbà tó ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, ó ní kí n wá, mo wá, ọdún kejìlélógún rèé. Òun ń gé, èmi ń rán. Tí a bá jà láàárọ̀, a ti parí rẹ̀ kí oníbàárà àkọ́kọ́ tó wọlé.

Lọ́dún tó kọjá, ó ń wọn bùláùsì kan wò fún ara rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì kan kókó kan lábẹ́ ọmú òsì. Ó pè mí pé kí n fọwọ́ kàn án. Mo fọwọ́ kàn án. A lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ kejì. Jẹjẹrẹ ni. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ, wọ́n yọ ọmú náà, wọ́n ní ó ku oògùn tí wọn yóò máa fà sínú iṣan ọwọ́ rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹfà, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta síra wọn.

Nọ́ọ̀sì àgbà tó wà níbẹ̀ mú wa jókòó, ó là á yé wa. Ó ní oògùn yìí ò mọ ọ̀tá yàtọ̀ sí ará ilé. Bó ṣe ń pa jẹjẹrẹ ló ń pa àwọn ẹ̀ṣọ́ inú ẹ̀jẹ̀ tó ń bá wa lé àìsàn sẹ́yìn. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì lẹ́yìn oògùn kọ̀ọ̀kan, kòkòrò tó ń ṣe ẹlòmíì ní ọ̀fìnkìn lásán lè gbẹ̀mí rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó wá na ìka kan sí wa. "Ẹ máa wọn ìgbóná ara rẹ̀. Tó bá ti lé ní méjìdínlógójì báyìí, ẹ má se omi, ẹ má fún un ní oògùn ibà, ẹ má pe ẹbí jọ. Ẹ máa gbé e bọ̀. Mi ò fẹ́ kó ju wákàtí kan lọ."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe bẹ̀rẹ̀. Tíṣà, àbúrò Àlùmọ́gàjí, ló ń bá a lọ gba oògùn, òun náà ló ń se oúnjẹ tí kò ní òórùn, nítorí òórùn lásán ti ń mú un bì. Onídìrí òdìkejì òpópónà fá irun rẹ̀ nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í re, ó sì fá tiẹ̀ náà lọ́jọ́ kan náà. Àwọn oníbàárà rẹ̀ rọra jókòó sílé kálukú wọn, wọ́n ní aṣọ ò kánjú. Èmi ni mo gba iṣẹ́ ìwé kíkọ. Mo ra tẹ̀mómítà oníná kan, mo ṣí ìwé ìwọ̀n tuntun, irú èyí tí a fi ń kọ ìwọ̀n àyà àti ìbàdí oníbàárà. Mo kọ ọ́ sí iwájú rẹ̀ pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ kọ nǹkan sínú rẹ̀ àfi èmi.

Ọkọ rẹ̀ ni mi ò lè sọ ibi tó dúró sí. Káfíńtà ni. Yóò wọlé pẹ̀lú ìdọ̀tí pákó lórí, yóò jókòó sórí àpótí, yóò máa wo ẹsẹ̀ ìyàwó rẹ̀. Yóò ní, "Ṣé o jẹun?" Tó bá ní òun jẹ, yóò dìde, ó di ọ̀dọ̀ igi. Omijé kan báyìí, mi ò rí i lójú rẹ̀. Lọ́jọ́ kan mo sọ ọ́ sí i lójú pé, "Káfíńtà, ṣé pákó lẹ fi ṣe ọkàn yín ni?" Ó ní, "Pákó náà máa ń là." Mo pòṣé, mo wọlé lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òfin kan tó wà ní ṣọ́ọ̀bù wa fún yín, torí òun ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá. A kì í kọ ààbọ̀. Tí àyà oníbàárà bá jẹ́ ogójì íǹṣì àti díẹ̀, ogójì la máa kọ. Àlùmọ́gàjí ló ṣe òfin náà nígbà tí a bẹ̀rẹ̀, nítorí ààyè tó máa ń fi sílẹ̀ tó bá ń gé aṣọ ti gba èyí tó lé, tí a bá sì tún kọ ọ́, aṣọ á fẹ̀ jù. Ọmọ iṣẹ́ tó bá kọ ààbọ̀ á tún ojú ìwé náà kọ látòkè délẹ̀. Èmi alára tún un kọ nígbà mélòó kan. Ó tó ọdún méjìlélógún tí ọwọ́ mi ti ń fi ìdí nọ́ńbà sílẹ̀, ọwọ́ náà kì í tiẹ̀ bi mí léèrè mọ́.

Ọjọ́ kẹwàá lẹ́yìn oògùn kẹta, Ọjọ́bọ̀ ni, mo dé ní aago mẹ́jọ àárọ̀. Ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní oorun ni òun ò sùn dáadáa. Mo ti tẹ̀mómítà bọ abíyá rẹ̀, ó dún, mo wò ó: méjìdínlógójì, póìǹtì méjì. Mo mú bírò, mo kọ méjìdínlógójì.

Mo rí méjì yẹn o. Ẹ má jẹ́ kí n purọ́ fún yín. Ojú mi méjèèjì rí i, orí mi ò sì kà á sí.

Àlùmọ́gàjí na ọrùn. "Kí ni ìwé wí?" 

"Méjìdínlógójì."

"Kò tíì lé." Ó mí kanlẹ̀, ó dojú dé ìrọ̀rí. Mo mọ ohun tó ń bà á lẹ́rù. Nígbà tó gba oògùn kejì, obìnrin kan wà lórí ibùsùn tó kọjú sí tirẹ̀, ẹlẹ́rìn-ín èèyàn, wọ́n jọ ń fi orí fífá ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́. Ibà ló gbé obìnrin náà wọlé. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ wọ́n ti tẹ́ aṣọ funfun sórí ibùsùn rẹ̀, ó gún rẹ́gí, obìnrin náà ò sí níbẹ̀ mọ́. Láti ọjọ́ náà ni Àlùmọ́gàjí ti sọ pé kí ẹnikẹ́ni má gbé òun lọ síbẹ̀ nítorí ìgbóná, àfi tí ìwé bá ní kí òun lọ.

Ní aago mẹ́wàá ààbọ̀, mo tún wọ̀n ọ́n. Méjìdínlógójì, póìǹtì mẹ́rin. Mo kọ méjìdínlógójì. Mo padà sídìí máṣíìnì láti fi iṣẹ́ tu ara mi lára, mo sì rán apá aṣọ kan mọ́ ẹ̀yìn síwájú. Mo tú u, mo tún un rán, ó tún yí padà sí mi lọ́wọ́. Láti inú yàrá ni mo ti gbọ́ tí eyín rẹ̀ ń lu ara wọn. Mo wọlé, mo bò ó ní aṣọ méjì, ó ní òtútù ṣì ń mú òun. Mo tún fi ẹ̀kẹta bò ó. Nígbà tó di ọ̀sán gan-an, póìǹtì méje ni. Mo kọ méjìdínlógójì, mo wo nọ́ńbà mẹ́ta tó tò tẹ̀léra wọn, inú mi tiẹ̀ dùn. Ó dúró lójú kan, mo wí lọ́kàn mi, kò lọ sókè.

Tíṣà dé láti iléèwé lákòókò ìsinmi ọ̀sán, ní nǹkan bí aago kan. Ó fọwọ́ kan iwájú orí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó fò sẹ́yìn.

"Ẹ̀gbọ́n, ara wọn ń jó mi lọ́wọ́! Ẹ jẹ́ ká máa gbé wọn lọ."

"Ọwọ́ rẹ kọ́ ni tẹ̀mómítà."

"Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń gbọ̀n! Ó kéré tán, ẹ jẹ́ n fún wọn ní oògùn ibà."

"Gbé oògùn yẹn sílẹ̀! Ṣé o ò gbọ́ ohun tí nọ́ọ̀sì sọ ni?" Mo gbá a kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyẹn nìkan ni mo ṣe dáadáa lọ́jọ́ náà.

Ó pe nọ́ọ̀sì lórí fóònù, ó sọ fún un pé ẹ̀gbọ́n òun ń gbọ̀n. Mo gbé ìwé fún un pé kó kà á. Ó kà á bí mo ṣe kọ ọ́: aago mẹ́jọ, méjìdínlógójì, aago mẹ́wàá ààbọ̀, méjìdínlógójì, aago méjìlá, méjìdínlógójì. Mo gbọ́ ohùn nọ́ọ̀sì nínú fóònù tó ń bèèrè pé, "Kò lé rárá?"

Tíṣà wò mí. Mo mi orí pé kò lé.

"Kò lé, mà."

Nọ́ọ̀sì ní kí a máa wọ̀n ọ́n ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí ara wọn, bó bá ti lé pẹ́nrẹ́n kí a máa bọ̀, tí gbígbọ̀n náà ò bá sì dáwọ́ dúró kí a máa bọ̀ bákan náà. Mo wo Tíṣà bí ìyá ṣe ń wo ọmọ tó kùnà ìdánwò. Mo ní, "Ṣé o ti gbọ́ báyìí?" Ó jókòó sẹ́bàá ibùsùn, ó ń fi ọwọ́ ra ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kó lè móoru. Àlùmọ́gàjí ti dákẹ́. Kì í ṣe oorun.

Káfíńtà wọlé ní nǹkan bí aago kan ààbọ̀, lẹ́ẹ̀ wà ní gbogbo ìka ọwọ́ rẹ̀. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó wo ìyàwó rẹ̀, ó wo ìwé, ó gbé e. Ó ṣí i sẹ́yìn, ó tún ṣí i sẹ́yìn, títí tó fi dé ojú ewé àkọ́kọ́.

"Ta ló ń kọ èyí?"

"Èmi ni. Kí ló ṣe é?"

"Kò sí èyí tó ní ìdí nínú gbogbo rẹ̀."

"Ìdí bíi ti kí?"

"Ìdajì. Ìdá mẹ́rin. Èyí tó lé." Kò gbóhùn sókè. "Mo ti ń wọn pákó láti ìgbà èwe mi. Kò sí ìgbà tí nǹkan máa ń bọ́ sórí nọ́ńbà gbáko lọ́gọ́rùn-ún ìgbà, ẹnì kan ló ń gé e kúrò. Kí lẹ gé kúrò?"

Mo la ẹnu láti fún un ní tiẹ̀. Ọkàn mi lọ sí aago mẹ́jọ àárọ̀. Mo rí méjì yẹn. Mo rí mẹ́rin, mo rí méje. Mo rí wọn tò lẹ́sẹẹsẹ bí wọ́n ṣe ń gun òkè lọ, tí èmi jókòó tì wọ́n tí mo ń pe ara mi ní olùtọ́jú.

Káfíńtà ti tẹ̀mómítà bọ abíyá ìyàwó rẹ̀, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ di apá obìnrin náà mọ́ ẹ̀gbẹ́. Ó dún. Ó yí ojú tẹ̀mómítà náà sí mi. Mọ́kàndínlógójì, póìǹtì mẹ́ta.

Wọ́n ní kí n kín in lẹ́yìn, ẹ̀gún ni mo fi sọ́wọ́. Yéè, mo gbé!

Káfíńtà gbé e bí ẹni gbé ọmọ. Ọkọ̀ tó fi ń kó ẹrù ló gbé wá, ilẹ̀kùn méjì tí kò tíì kùn wà lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n tẹ́ Àlùmọ́gàjí sí iwájú, orí rẹ̀ lórí itan Tíṣà. Èmi gòkè sẹ́yìn sáàárín ilẹ̀kùn méjèèjì, mo sì dì wọ́n mú. Láti ojú fèrèsé ẹ̀yìn ọkọ̀ ni mo ti ń wo orí fífá rẹ̀ tó ń mì síhìn-ín sọ́hùn-ún. Mo ń ka ìṣẹ́jú. Mo ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀, mi ò tiẹ̀ mọ ohun tí mo ń sọ, mo sáà ń sọ pé má ṣe é, má ṣe é.

A dé ibi tí wọ́n ti ń tún ọ̀nà ṣe. Ọkùnrin kan na àsíá pupa sí wa pé kí a dúró, kátakátá kan ń fà lọ fà bọ̀ lójú ọ̀nà. Káfíńtà fọn fèrè, wọn ò dá a lóhùn. Ó ṣílẹ̀kùn, ó bọ́ sílẹ̀, ó sì ké. Mi ò gbọ́ irú ohùn bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí. "Ìyàwó mi ń kú lọ! Ẹ jọ̀ọ́, ìyàwó mi ń kú lọ!" Ó di orí mú, ó ń sunkún lójú títì gbangba níwájú àwọn òṣìṣẹ́. Gbogbo alángbá ló da ikùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Wọ́n gbé kátakátá kúrò lọ́nà, a kọjá.

Nígbà tí a dé ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì àgbà tí Tíṣà ti pè láti inú ọkọ̀ ti dúró lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n gbé e sórí ibùsùn ẹlẹ́sẹ̀ táyà. Nọ́ọ̀sì yí sí wa. "Ìgbà wo ló lé ní méjìdínlógójì?"

Tíṣà ní, "A ò mọ̀, mà, aago kan ààbọ̀ ni a rí…"

"Aago mẹ́jọ àárọ̀," mo ní.

Nọ́ọ̀sì wo aago ọwọ́ rẹ̀. Aago méjì ti kọjá. Kò bú mi, ìbá dára kó bú mi. Ó sáré wọlé, ilẹ̀kùn náà padé lẹ́yìn rẹ̀.

Tíṣà ló bú mi. Ó dúró síwájú mi nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ lé gbogbo ayé jáde. Ẹ lé àbúrò ọkọ wọn, ẹ lé àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ lé èmi náà. Ẹ lé gbogbo wa kí ẹ̀yin nìkan lè ráyè pa wọ́n!" Mo jẹ́ kó bú mi tẹ́rùn. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí, ẹ mọ̀ pé ìyẹn ò ṣẹlẹ̀ rí.

Ọjọ́ kan ààbọ̀ ni wọn ò jẹ́ kí a rí i. Dókítà jáde lẹ́ẹ̀kan, ó ní kòkòrò ti wọnú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀ṣọ́ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ò sì ku nǹkan kan. Ó jáde lẹ́ẹ̀kejì, ó ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ò sáré bó ṣe yẹ, àwọn ti yí oògùn padà. Tíṣà bi í pé ṣé yóò yè é. Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká wo òru òní." Káfíńtà béèrè bóyá kí àwọn pe ọmọ wọn, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí, tó ń ṣe ìdánwò àṣekágbá ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Àlùmọ́gàjí ti mú wa búra pé a ò gbọ́dọ̀ pè é kó tó parí. Dókítà ní kí wọ́n dúró di àárọ̀. Mo jókòó lórí bẹ́ǹṣì irin, mo sì mọ̀ pé bí ọmọ yẹn bá wálé wá bá òkú ìyá rẹ̀, èmi ni mo pa á, òfin tàbí kò sí òfin.

Nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ kẹta, ìgbóná náà já wálẹ̀. Dókítà tún wá, ó ní ó jọ pé ara rẹ̀ ti gba oògùn náà. Ó ní oògùn kẹrin yóò fà sẹ́yìn díẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò ní dá a dúró. Tíṣà kúnlẹ̀, ó ń dúpẹ́. Káfíńtà wá bá mi níbi tí mo dúró sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

"Ó ń béèrè yín," ó ní. "Mi ò sọ ti ìwé fún un. Mo ti bá Tíṣà náà sọ̀rọ̀. Tí ẹ ò bá fẹ́ sọ ọ́, kò sẹ́ni tó máa sọ ọ́."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkùnrin tí mo ti ń fojú pákó wò láti ìgbà yìí wá. Mo wọlé.

Ó ti tinrin sí i, ètè rẹ̀ bó, okùn oògùn méjì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rí mi, ó rẹ́rìn-ín. "Ata Wẹẹrẹ. Wọ́n ní o ò lọ sílé. O ń rùn." 

Ǹ bá rẹ́rìn-ín, ǹ bá gbá a mọ́ra, ǹ bá jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà kú síbẹ̀. Mo jókòó.

"Láti aago mẹ́jọ ló ti lé," mo ní. "Mo rí i. Mi ò kọ ọ́."

"O rí i?"

"Mo rí i. Ó ní ìdí. Mo fi ìdí rẹ̀ sílẹ̀ bí a ṣe máa ń ṣe."

Kò pẹ́ kó tó yé e. Ta ló tún máa yé tí kò bá yé òun? Mo dúró de kó sọ pé òun ló ṣe òfin náà, mo fẹ́ kó sọ ọ́, ojú ń tì mí láti wí i. Kò sọ ọ́. Ó yí ojú sí ògiri.

"Nínú ọkọ̀ yẹn," ó ní, "ọmọ mi nìkan ni mo ń rò. Mo ní kí ẹ má pè é. Mo ń rò ó pé ó máa parí ìdánwò rẹ̀, ó máa di ẹrù rẹ̀, ó máa wálé, ó máa wá bá…" Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

Mo sunkún. Mi ò fara pamọ́. Nọ́ọ̀sì kan yọjú, ó ní àkókò àbẹ̀wò ti tán. Mo nu ojú mi, mo kó aṣọ rẹ̀ tó dọ̀tí sínú ọ̀rá. Mo sọ fún Àlùmọ́gàjí pé Tíṣà ló máa wá lọ́la, àti pé ó dára kí ẹlòmíì máa tọ́jú ìwé, kí n má baà tún ṣe é léṣe.

"Ta ló ní kí Tíṣà wá?" Ògiri ló ṣì ń wò.

"Mo rò pé…"

"Inú ń bí mi sí ẹ. Ó ń bí mi gan-an, kò sì ní tán lónìí."

"Mo mọ̀."

"Tó o bá wá lọ jókòó sílé, ta ni kí n máa bínú sí? Káfíńtà?" Ó fa aṣọ bo èjìká rẹ̀. "Máa lọ. Lọ wẹ̀. Tètè dé lọ́la."

Aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ ni mo dé ẹnu géètì lọ́jọ́ kejì. Wọn ò tíì ṣí i.